Ẹni Tó Dì Í Ni Yóò Fi Bẹ́

Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ká aṣọ tó gbẹ, ọwọ́ mi á ti wá igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kàn kí n tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Á ní, "Ṣọ́jà, ìró lásán ni o. Ẹnikẹ́ni ò ní fi bẹ́ láti ojú ọ̀run." Ó pé ọdún méjì tí a ti sin ín. Mo ṣì ń ká àwọn ìró náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń ró wọn mọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí àwọn ológun gbé ìjọba padà fún alágbádá, tí n kò sọ fún un títí ó fi lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan náà ni àwa méjèèjì lọ. Òun dúró sídìí iṣẹ́ tíṣà. Èmi kọ́ni fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà mo wọṣẹ́ ológun. Wọ́n mú mi lọ sí ìhà odò Benue, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe ń fi párásúùtù bẹ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Nítorí pé mo mọ̀wé, tí ọwọ́ mi sì balẹ̀, wọ́n fi mí sí ilé tí wọ́n ti ń di párásúùtù.

Ilé gígùn ni. Tábìlì kan ṣoṣo ló gba inú rẹ̀ já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. A ó tẹ́ aṣọ náà sórí rẹ̀, a ó to àwọn okùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ra, a ó wá máa ká a títí ohun tó tó bo òrùlé ilé kan á fi wọ inú àpò tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó dì í á kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí káàdì kékeré kan, á fi í sínú àpò náà. Òfin kan wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá wu ọ̀gá, ó lè wọlé, kí ó fa àpò kan yọ, kí ó ka orúkọ inú rẹ̀ sókè, kí ó ní, "Ìwọ lo dì í? Ó yá, gbé e kọ́. Ìwọ náà lo máa fi bẹ́ lónìí." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ka orúkọ mi. Ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aṣọ náà ṣí.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, olúkúlùkù á yẹ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ wò, nítorí kò sẹ́ni tó lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí gbogbo ìdè bá pé, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a léjìká lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé àṣà yẹn wá sílé. Láàárọ̀ tí ìyàwó mi bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń yẹ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ wò, bóyá síìpù rẹ̀ gòkè tán, bóyá ṣìmí rẹ̀ yọ síta, mo sì máa ń gbá a léjìká. "Ó pé." Òun náà á ní, "Mo ti bẹ́ nìyẹn," á sì jáde.

Nígbà tí ogun Làìbéríà dé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó wa lọ. Àwa tí wọ́n kọ́ láti bẹ́ láti ojú ọ̀run, ẹsẹ̀ la fi jà ní gbogbo ọjọ́ tí a lò níbẹ̀. Àwọn ará Bàríga, níbi tí mo wá ń gbé lẹ́yìn ogun, kì í fẹ́ gbọ́ eléyìí. Onígbàjámọ̀ kan ní àdúgbò wa, Ladi-Lak, máa ń dá abẹ dúró lórí ẹni tó bá ń fá lọ́wọ́ bí mo bá yà síbẹ̀. "Bọ̀dá Ṣọ́jà, ẹ ò tiẹ̀ bẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré? Ẹ bá wa bu irọ́ díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́, àwọn oníbàárà mi ń gbọ́."

Ohun tí mo rí lójú ogun náà pọ̀, ẹyọ kan ni mo nílò níhìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń fà sẹ́yìn kọjá afárá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rọ́bà. Èmi àti àwọn méjì mìíràn wà nínú ilé alámọ̀ kan nígbà tí àdó olóró balẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀. Ògiri wó lù wá. Àwọn méjì yẹn kú lójú ẹsẹ̀. Èmi wà lábẹ́ rẹ̀ títí dé àyà, ọwọ́ ọ̀tún mi há sáàárín bíríkì. Mo ń gbọ́ bí bàtà àwọn tó kù ṣe ń lọ lórí afárá títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀gá wa, ẹni tó ń darí wa lójú ogun náà, nìkan ló padà. Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó fi ń gbẹ́ mi jáde, ìbọn sì ń ró láti inú oko rọ́bà.

Ó ń wí pé, "Sájẹ́ǹtì, má sùn o. Bí o bá sùn, mà á fìyà jẹ ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọwọ́ ọ̀tún mi fi gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn. N kò lè di ṣíbí mú. Ọ̀gá yìí ló ń gbé ife sí mi lẹ́nu, òun tó jù mí lọ nípò, níṣojú gbogbo ọmọ ogun. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà dákẹ́.

Mo fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ nígbà tí a dé. Ìyàwó mi ti gba yàrá méjì sí Ladi-Lak, kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo wá iṣẹ́ ọwọ́ lọ sí Bajulaiye, òpópónà àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Níbẹ̀, iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í bẹ̀rẹ̀ kí ó sì parí sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹnìkan á tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á gé e, ẹlòmíràn á dì í. Mo kọ́ṣẹ́ gígé lọ́dọ̀ Àlájì kan láti ìhà Òkè-Ògùn, tó ní ẹ̀rọ ìgé-bébà ńlá kan. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Ìka méjì kò sí níbẹ̀.

"Ṣé o rí i? Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ pé èmi ló rà á. Kò ní mọ̀ pé ṣọ́jà ni ẹ́."

Ohun méjì ló kọ́ mi ṣáájú. Èkíní, kí irin ẹ̀rọ tó tẹ bébà mọ́lẹ̀, kí n fi bébà funfun kan bo orí rẹ̀, kí irin má baà fi àpá sójú iṣẹ́ oníṣẹ́. Èkejì, bí mo bá gé e lẹ́ẹ̀kan, kí n yí i, kí orí rẹ̀ di ìdí, kí n tó gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i, àárín iṣẹ́ ni abẹ á gbà kọjá. Gbogbo onígèé ní Bajulaiye ló ti ṣe àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́yìn tó ti gba òmìnira, iṣẹ́ kì í wá bá a mọ́.

Èmi kò gbàgbé láti yí i rí. Láàárín ọdún mélòó kan, èmi ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ tó ṣòro wá fún, láti Ṣómólú títí dé Fádèyí.

Lọ́dún tí ìjọba alágbádá ń padà bọ̀, Bajulaiye kò sinmi. Àwòrán ojú àwọn olóṣèlú kún ṣọ́ọ̀bù wa láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò gbà wọ́n gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò, ó wọlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Wọ́n ti yan òun àti àwọn tíṣà mìíràn láti máa bójú tó àwọn ibùdó ìdìbò. Tirẹ̀ wà ní ìdí igi kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wa.

"Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí níbẹ̀ o, Ṣọ́jà. Bí a bá ka ìbò tán, èmi ni mà á buwọ́ lù ú."

"Ìwọ nìkan?"

"Orúkọ mi gbogbo, láìgé e kúrú." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Èmi náà ti di ẹni tó ń kọ orúkọ sínú àpò."

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ẹnìkan pè mí láti ẹnu ọ̀nà. "Sájẹ́ǹtì!" Ẹsẹ̀ mi ti so pọ̀ ní ìdúró ológun kí n tó wẹ̀yìn. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa láti Làìbéríà ni, nínú agbádá funfun. N kò rí i nínú agbádá rí. Ó kí Àlájì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ara, ó wá fà mí jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

"Ọwọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti dákẹ́ tipẹ́, sà."

"Mo gbọ́. Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n gé jù níbí. Inú mi dùn. Ọwọ́ tí mo gbé ife fún."

Ó sọ iṣẹ́ tó gbé wá bí ẹni tó ń ra ẹ̀pà. Ìwé ìdìbò ayédèrú ni, ti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn, wọ́n ti tẹ ìka sí ibi tí wọ́n fẹ́ lórí gbogbo rẹ̀, ó ku kí a gé e. Ibùdó márùn-ún ní Bàríga ni wọ́n ń gbé e lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ka ibùdó náà fún mi. Ẹ̀kẹta ni ti ìyàwó mi.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé òun ló wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Bá a sọ̀rọ̀. Kó wo ibòmíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú."

"Bí kò bá gbà ńkọ́, sà?"

Ó wò mí títí. "Ṣé mo bi ẹ́ bóyá o gbà, lọ́jọ́ tí mò ń fi akoto gbẹ́lẹ̀?" Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe sórí èjìká. "Àwọn ọmọ tó máa gbé e débẹ̀, wọn kì í ṣe ṣọ́jà o, Sájẹ́ǹtì. Wọn ò mọ òfin. Bí ẹnìkan bá dúró sójú ọ̀nà wọn, èmi ò ní sí níbẹ̀ láti bá wọn wí."

Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Kò ní wo ibòmíràn. Bí wọ́n bá gbé àpò ìbò ayédèrú dé iwájú tábìlì rẹ̀, á dìde, á sì dúró síbẹ̀. Bí mo bá sọ fún un, á lọ fẹjọ́ sùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá á sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Bí mo bá kọ iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ mẹ́ta mìíràn wà kí ènìyàn tó dé Fádèyí, wọn á gé e, wọn á sì gé e dáadáa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ìwé náà kò fi ní dé iwájú ìyàwó mi. Kí èmi fúnra mi gba iṣẹ́ náà.

Mo ní, "Ẹ gbé e wá, sà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e dé, pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó jókòó tì mí. Ọ̀kan ga, ó ń jẹ orógbó. Èkejì kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí Àlájì máa ṣọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bébà ńláńlá ni, ìwé ìdìbò mẹ́jọ lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo to ìpele àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ, mo fi bébà funfun bò ó.

Ẹni tó ga béèrè pé, "Bọ̀dá, kí nìyẹn ń ṣe lórí ẹ̀?"

"Kí irin má baà fi àpá sí i."

Mo gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìpele dé ìpele. Gígé àkọ́kọ́ dára. Mo mọ̀ pé á béèrè, ó sì béèrè.

"Ẹ ṣí i, ká rí i."

Mo gbé bébà funfun kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó fi ìka tó gbóòórùn orógbó tọ ojú ibi tí abẹ gbà. Ó ní, "Ọwọ́ yín mọ́ o," ó sì padà lọ jókòó. Mo fi bébà funfun bò ó padà. Ibi tó yẹ kí n ti yí i nìyí. N kò yí i. Mo tẹ irin mọ́lẹ̀, mo fa abẹ wá. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Mo so ó lókùn pẹ̀lú bébà funfun náà lójú rẹ̀, mo gbé e sápá kan, mo mú òmíràn.

Ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ á gba àárín àmì ẹgbẹ́ wọn kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ dìde, tó wá dúró lẹ́yìn mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo dúró de kí ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, kí ó já okùn ọ̀kan. Omi ló bu mu nínú ìkòkò tó wà lẹ́yìn mi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Bí mo ṣe máa ń di párásúùtù ni mo ṣe ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, lẹ́sẹẹsẹ, láìkánjú.

Wọ́n kó o lọ. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń lọ ẹ̀wù funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ojú mi fà ro. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n padà, ọ̀gá sì wà pẹ̀lú wọn. Ó ju ìdì kan sórí ẹ̀rọ.

"Kí lèyí?"

Àlájì ló kọ́kọ́ mú un. Ó ṣí i, ó wo etí rẹ̀, ó yí i sókè yí i sódò. "Subhanallah. O ò yí i."

"Mo gbàgbé, Àlájì."

"O gbàgbé? Ìwọ?" Ó wo ojú mi, ó wo agbádá funfun, ó sì rọra gbé ìdì náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, kò béèrè mọ́.

Ọ̀gá ní, "O sọ fún mi pé ọwọ́ ẹ ti dákẹ́."

"Ó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀, sà. Láti Ọjọ́rú tí mo ti rí yín ni gbígbọ̀n náà ti padà dé, orí mi kò sì pé sídìí iṣẹ́ mọ́."

Ó ní kí wọ́n bu omi wá, kí ife kún dé ẹnu. Ó nà án sí mi. "Gbà á."

Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Mo ti ro bí n ó ṣe ṣe é láti àná, bí n ó ṣe jẹ́ kí ó ti ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń ṣe ní Làìbéríà. N kò nílò rẹ̀. Bí ife ṣe kan ìka mi báyìí, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n fúnra rẹ̀, omi sì dà sí apá agbádá funfun. Títí di òní, n kò lè sọ bóyá èmi ni mo ń ṣe é. Ọ̀gá di ọrùn ọwọ́ mi mú, bó ṣe máa ń dì í mú nígbà náà. Kò wo ọwọ́ náà. Ojú mi ló ń wò.

Ó ní, "Mo fẹ́ gbà ẹ́ gbọ́, Sájẹ́ǹtì." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àwọn ọmọ yìí á máa gba àdúgbò ẹ kọjá. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ọwọ́ yẹn tún mọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣe, mà á mọ̀ pé mo ti gbẹ́ ọ̀tá mi jáde nínú ilẹ̀."

Kò sí àyè fún wọn láti tún un tẹ̀. Ọ̀la ni ìdìbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó mi kọ ẹ̀yìn sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Síìpù rẹ̀ ti gòkè. Mo gbá a léjìká.

Ó ní, "Ọwọ́ òsì?"

"Ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Mo ti bẹ́ nìyẹn," ó sì jáde.

Mo dúró lókèèrè, lẹ́bàá ògiri mọ́ṣáláṣí, láti àárọ̀ títí òòrùn fi rọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì náà gun ọ̀kadà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dúró, ẹni tó ga sọ̀kalẹ̀, ó rìn lọ síwájú tábìlì ìyàwó mi, ó sọ ohun kan. Mo rí i tí ìyàwó mi na ìka sí ìlà àwọn tó ń dúró dìbò, bó ṣe máa ń na ìka sí ọmọ tó bá pẹ́ dé kíláàsì. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ó padà sórí ọ̀kadà. Ní ìrọ̀lẹ́, a ka ìbò níta gbangba, ìyàwó mi sì buwọ́ lù ú. Ó délé, ó ní ebi ń pa òun.

Òkìkí iṣẹ́ tó bàjẹ́ ti ta dé Ladi-Lak kí ọjọ́ Ajé tó lọ. Wọ́n kò mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ogun ti dé ọwọ́ Ṣọ́jà. Onígbàjámọ̀ kò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo kọjá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé gbogbo wọn ti gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi gbé àga méjì síta, sójú títì gan-an, kì í ṣe sínú àgbàlá. Ó gbé ike òrí kan lọ́wọ́.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi òrí ra á, láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì béèrè ohun tó ṣe mí. Ìyàwó mi gbé ohùn sókè ju bó ṣe máa ń gbé e lọ.

"Ogun yìí ni o, ìyá mi. Wọ́n ní ó parí, kì í parí lára ẹni tó lọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bọ̀dá. Ẹ máa fi omi gbígbóná lé e."

Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ wà lára àwọn tó ń ra búrẹ́dì. Ó wo ọwọ́ mi títí wọ́n fi di búrẹ́dì rẹ̀ fún un.

Báyìí ni a ṣe ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Ojú ń tì mí. Èmi ni mò ń jẹ́ kí ọwọ́ náà gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ń fi àánú fọwọ́ rà á, lẹ́yìn tí òun náà ti dúró kọ́ ọmọ láti àárọ̀. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé lọ́la ni n ó sọ fún un. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ohun tí kò bá mọ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Àlájì mú mi kúrò nídìí ẹ̀rọ, nítorí àwọn oníbàárà kò fẹ́ rí mi níbẹ̀ mọ́. Ó fi mí sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń to ojú ìwé. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì. "Ọ̀gá ṣọ́jà, ẹ jókòó ti àwa tí ọwọ́ wa ò gbọ̀n," wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ dídì ìwé, ìwé orin àti Kùránì tí èèpo wọn ti ya. Mo rọra ń ṣe é, mo ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí lẹ́ẹ̀ kán sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi darúgbó nìyẹn.

Nínú ilé, ojú ìyàwó mi ti ń di bàìbàì. Bó bá fẹ́ rán nǹkan, á na abẹ́rẹ́ sí mi kí n bá òun fi òwú sí i. Mo ń fi í sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ń dá a padà fún un. N kò rò ó rárá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé iṣẹ́ ìwé ìsìnkú kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ojú ọ̀gá mi lórí rẹ̀, nínú aṣọ ogun, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nígbà tó padà kọjá afárá. Àìsàn ló pa á. Mo mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ìyàwó mi wọ dígí ojú rẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orin ìparí.

"Òun ló gbẹ́ yín jáde lábẹ́ ògiri?"

"Òun ni."

"Ọlọ́run á fi ọ̀run rere kẹ́ ẹ. Bí kò bá gbẹ́ yín, n kò ní ọkọ."

Ó dìde. Ó dé ike òrí náà, ó gbé e gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ó pẹ́ nídìí fífọ̀ náà. Aago tí a máa ń gbé àga síta kọjá, àga wà nílẹ̀ nínú ilé.

Ó ní, "Ọwọ́ yín ti yá, Ṣọ́jà."

Ó jókòó, ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi, bó ṣe máa ń nà án.

"Ẹ bá mi fi òwú sí i. Bọ́tìnnì ẹ̀wù yín ti fẹ́ já."

Mo fi í sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán an, kò gbójú sókè. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wò ó pé ọ̀rọ̀ náà kò ní sá lọ, pé ọjọ́ ṣì pọ̀. Ọdún sì ń gorí ọdún, ó wá rí bí ohun tí kò yẹ kí a tún hú jáde mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ìgbà ìkẹyìn, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń retí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a léjìká.

Ọmọ Àlájì ló ni ẹ̀rọ náà báyìí, àgbàlagbà lòun náà. Nígbà tí mo gbé ìwé ìsìnkú ìyàwó mi dé, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká bá yín gé e." Mo ní rárá. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Mo to ìpele náà sórí ẹ̀rọ, ojú ìyàwó mi sì wà lókè, dígí lójú, ó ń wò mí. Mo fi bébà funfun bò ó kí irin má baà fi àpá sí i. Mo gé e. Mo yí i. Mo tún un gé.

Mo mú ọ̀kan níbẹ̀, mo kọ orúkọ mi gbogbo sí igun rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó kan ìdérí pósí rẹ̀, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.